Orí Keje: Ohùn Tó Wà Nínú Ilà

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta dúró níwájú ìwo irin ńlá kan ní ìlú London, ó ń kọrin Yorùbá sínú rẹ̀. Orin ìsìn ni, irú èyí tó fi fa ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá wọ inú ìgbàgbọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ Zonophone gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lé ní 40. Kò sí máíkì nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ohùn kò gba inú wáyà kankan kọjá. Èémí bàbá náà nìkan ló ti abẹ́rẹ́ tó kọ ilà sára ìda. Ọdún 16 lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bí ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá, tí gbogbo ayé mọ̀ bí ẹni mowó.

Àwo wọ̀nyẹn àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni orí yìí dá lé lórí: bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń pa wọ́n, àti bí a ṣe lè gbà wọ́n là pẹ̀lú giramafóònù tí wọ́n ń lò sí i. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára ni pé èdè wa kò ṣe é yà kúrò lára ohùn. Ìwé ìròyìn Yorùbá ìgbà náà kì í sábà fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kà á ló ń fi ohùn sí i látinú ìmọ̀ ara rẹ̀. Àwo ní tirẹ̀ kò fo ohùn kankan. Bí ará Èkó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ibi tó ti ń gbé ohùn sókè, ibi tó ti ń fà á, ibi tó ti ń mí, gbogbo rẹ̀ wà nínú ilà yẹn. Kò sí ibòmíràn tí a tún ti lè rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n. Thomas Edison ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó lè mú ìgbọ̀n yẹn, tó sì lè dá a padà fún etí, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1877. Bébà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wé mọ́ ohun kan tó rí róbótó bí agolo ló fi gbà á. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1887, Emile Berliner gba ẹ̀tọ́ lórí àwo pẹlẹbẹ, èyí tí a mọ̀ títí dòní. Ìwo náà ló ń kó ìgbọ̀n jọ sójú kan. Ní ìsàlẹ̀ ìwo, awọ tínrín kan wà tó ń gbọ̀n pẹ̀lú afẹ́fẹ́, abẹ́rẹ́ sì wà lára awọ náà. Ìda ń yí lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí awọ bá ti ṣe ni abẹ́rẹ́ ń ṣe, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó ń fi ara ìda kọ ilà wíwọ́. Láti ara ìda yẹn ni wọ́n ti ń ṣe mọ́ọ̀dù irin, irin náà ni wọ́n sì fi ń tẹ àwo tí wọ́n ń tà lọ́jà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, gbogbo iṣẹ́ náà yóò padà sẹ́yìn: ilà mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ mi awọ, ìwo gbé ìgbọ̀n náà jáde fún gbogbo yàrá.

Àwo sẹ́lákì (orúkọ àwo àtijọ́ wọ̀nyí nìyẹn) tó fẹ̀ ní íńṣì 10 máa ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ sì máa ń kọ orin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ilà kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀pọ̀ ilà bí ó ti jọ lójú. Bí a bá lè tú ilà yẹn kúrò lára àwo kí a nà án sílẹ̀, yóò lé ní mítà 120, ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Nínú gbogbo gígùn yẹn, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ kò ní fara kàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.

Ìbéèrè kan wà tí mo rò pé gbogbo Yorùbá tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹ kó béèrè. Ìwo tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ kí ọ̀nà oníná tó dé ní 1925 kì í gbọ́ gbogbo ohùn. Ohun tó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, kì í mú un dáadáa. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, tán-án-ná ọ̀fun rẹ̀ lè máa gbọ̀n ní bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyára ìgbọ̀n yẹn gan-an ló ń pinnu bóyá ohùn òkè, ohùn àárín tàbí ohùn ìsàlẹ̀ la gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba 120 yẹn wọlé rárá. Báwo ni a ṣe wá ń gbọ́ àmì ohùn Yorùbá nínú àwo 1922?

Ọpọlọ wa ló ṣe é. Ohùn ènìyàn kì í dá rìn. Bí tán-án-ná bá ń gbọ̀n ní 120, àwọn ìgbọ̀n míràn á máa bá a rìn ní 240, ní 360, ní 480, títí lọ sókè. Ìwo kò gba ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Etí rí i pé 120 ló wà láàárín ìkejì sí ìkẹta, pé 120 náà ló wà láàárín ìkẹta sí ìkẹrin, ọpọlọ sì dá èyí tí kò sí níbẹ̀ padà. A ń ṣe èyí lójoojúmọ́ láìmọ̀. Fóònù àtijọ́ kì í gbé ohunkóhun tó bá dín sí 300 kọjá, síbẹ̀ kò sí ìyá tó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù tí ọmọ náà ṣi ọkọ́ gbọ́ sí ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àwo tó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo, ẹ má rò pé ohùn rẹ̀ ti sọnù. Ohùn wà níbẹ̀ ní pípé, etí Yorùbá ló máa tò ó padà.

Lẹ́yìn Àlùfáà Ransome-Kuti, ọ̀nà là. Domingo Justus kọrin Yorùbá pẹ̀lú gìtá fún Zonophone ní 1928. Túndé King, ọmọ Èkó tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwo jáde pẹ̀lú Parlophone ní 1936. Àyìndé Bákàrè tẹ̀ lé e pẹ̀lú HMV ní 1937. Ní ìgbà yìí, iná mànàmáná ti wọ iṣẹ́ gbígba ohùn, máíkì ti rọ́pò ìwo, ìlù sì ti lè sún mọ́ iwájú. Nígbà ìwo, wọ́n máa ń ti onílù sẹ́yìn pátápátá kí ìlù má baà gbé abẹ́rẹ́ fò kúrò lójú ìda.

Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1948, orin tó fi ki Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún orin náà kọ ní 1955, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Kí ẹni tó bá ń kó àwo àtijọ́ jọ fi èyí kọ́gbọ́n. Àwo tó tà gan-an wà nílé púpọ̀, a ó ṣì máa rí i. Èyí tí kò tà ni wọ́n tẹ̀ díẹ̀, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ parẹ́ láyé. Bí ẹ bá rí àwo olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ní òkè òkun, àwo fáínẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò sẹ́lákì láti 1948 tí àwo gígùn jáde. Lọ́dọ̀ wa, sẹ́lákì kò tètè lọ. Giramafóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ní ìlú tí òpó iná kò tíì dé. Títí di ìparí àwọn ọdún 1950, àwo sẹ́lákì ṣì ń jáde fún àwọn tó ń ra orin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni rédíògíráàmù àti séńjà wọ pálọ̀, ilé iṣẹ́ EMI wà ní Apapa tó ń gba orin sílẹ̀ tó sì ń tẹ àwo lójú kan náà. Ibẹ̀ ni Paul McCartney wá gba èyí tó pọ̀ jù nínú orin *Band on the Run* sílẹ̀ ní 1973. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tí síídì tẹ̀ lé e, a kó àwo sábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ṣì wà.

Kí ni àwo sẹ́lákì gan-an? Ọ̀pọ̀ rò pé ike dúdú ni. Kì í ṣe ike. Kòkòrò kékeré kan wà ní Íńdíà àti Thailand tó ń gbé lára ẹ̀ka igi, oje tó ń jáde lára rẹ̀ tó sì ń gan mọ́ igi ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń yọ́, tí wọ́n ń pè ní sẹ́lákì. Àwọn káfíńtà àtijọ́ máa ń pò ó mọ́ sípíríìtì láti fi kun àga kí ó máa dán. Bí wọ́n bá ń ṣe àwo, sẹ́lákì náà kì í pọ̀ tó ìdajì. Ìyókù jẹ́ òkúta lílọ̀, èédú tó sọ ọ́ di dúdú, àti fọ́nrán òwú tó dì í mú. Nítorí òkúta inú rẹ̀ ló ṣe le, nítorí òkúta náà ló sì ṣe ń fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́. Fáínẹ̀lì ni ike ní tòótọ́. Kì í fọ́, ṣùgbọ́n oòrùn lè ká a.

Ẹ wá wo ibi tí àwo yìí ń gbé pẹ̀lú wa. Láti Mile 2 títí dé Okokomaiko ní Èkó, ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ọ̀sà kò jìnnà sí wa. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ wa sábà máa ń ní ọ̀rinrin tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ àwo àti páálí rẹ̀ kò fẹ́ ju ìdajì ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó ń bu búrẹ́dì náà ló ń bu àwo. Páálí ló kọ́kọ́ ń jẹ, á wá ti ibẹ̀ bọ́ sójú àwo, á máa hù funfun tàbí eérú nínú ilà. Irin inú giramafóònù ní tirẹ̀ ń dípẹtà. Bí òjò Òkudù bá wá gba inú ilé, páálí àwo tó wà nílẹ̀ ni omi ń kọ́kọ́ bá.

Bíbu àwo jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera pẹ̀lú. Ekuru rẹ̀ kún fún èso olú kéékèèké tí ojú kò lè rí. Ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ekuru, kò gbọdọ̀ ṣí àpótí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tó pa mọ́. Ẹ gbé e jáde sábẹ́ ibòji níta, ẹ lo ìbòmú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Páálí tó ti bu kọjá àtúnṣe, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lè má sí níbòmíràn.

Fífọ̀ ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ti ń ba àwo jẹ́. Ọwọ́ àwọn ènìyàn máa ń yá sí sípíríìtì nítorí pé ó ń fọ nǹkan mọ́. Fún sẹ́lákì, ìparun ni. Ohun tí káfíńtà fi ń yọ́ sẹ́lákì ni ẹ fẹ́ dà sójú àwo yẹn, á sì yọ́ ilà kúrò lójú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ náà kò dára. Ní àdúgbò wa, omi ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ máa ń fi àmì pupa sílẹ̀ lára garawa, irin ló wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì gbẹ sínú ilà tó gùn ní mítà 120, gbogbo rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ máa lọ̀. Ẹ ra omi dísítììlì ní ilé ìpoògùn, kí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ tí kò le bíi ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀ lé ilà ní róbótó, ẹ má gba inú ilà kọjá láti etí sí àárín. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín tí orúkọ wà. Ẹ tún fi omi dísítììlì nìkan ṣan án, kí ẹ fi aṣọ tí kì í yọ fọ́nrán nù ún, kí ẹ gbé e dúró lóòró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Àwo tó ti sán, ẹ má fi omi kàn án, ó lè wọ inú ibi tó sán kí ó wú.

Ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ kò le. Ẹ tò wọ́n dúró ṣánṣán lórí pákó, kí wọ́n má fì. Ẹ má kó wọn lé ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sán. Ẹ má gbé wọn sí abẹ́ páànù tó ń gbóná lọ́sàn-án tàbí sára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ kó o jọ kí ẹ fi sínú àpótí àwo.

Giramafóònù fúnra rẹ̀ rọrùn láti yé ẹni tó ti tún aago ṣe rí. Sipíríǹgì gígùn kan ká sínú agolo irin. Bí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀, sipíríǹgì á ká mọ́ra, bí ó ti ń tú ló ń yí àwo. Irin kéékèèké mẹ́ta tó ń yí fìrìfìrì ni kì í jẹ́ kí ó sáré jù. Bí àwo bá fẹ́ yára, wọ́n á ṣí síta, wọ́n á fa pẹpẹ kan mọ́ awọ tó ń há a, ìyára á sì rọlẹ̀. Nínú èyí tó ti pẹ́, gíríìsì inú agolo sipíríǹgì ti gan, awọ náà ti gbẹ, ìyẹn ni ó fi ń já gììrì bí ó bá ń yí. Wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á kán òróró sí awọ náà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní òótọ́. Ẹ má ṣí agolo sipíríǹgì tí ó ṣì ká. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yí títí tí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Agbára tó wà nínú irin yẹn lè gé ìka, ó sì lè bọ́ sí ojú ènìyàn. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, kí ó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Orí tó ń gbé ohùn jáde, èyí tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Máíkà tínrín ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, rọ́bà ló sì dì í mú yíká. Lẹ́yìn ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún, rọ́bà yẹn ti le koránkorán. Máíkà kò lè gbọ̀n bó ṣe yẹ mọ́, orin á máa dún gbàràgbàrà, a ó sì rò pé àwo ló bàjẹ́. Rọ́bà fáàfù kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò wọ́n ni, ìyàtọ̀ tó ń mú wá sì pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra giramafóònù gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Àwọn ẹ̀dà tuntun wà tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, tí wọ́n ń fi àwòrán ajá HMV sí lára, tí wọ́n sì ń tà gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ìwo wọn jẹ́ idẹ tó ń dán yanran, ọrùn rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń mì ní ibi tí ó ti wọ inú àpótí. Ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ẹ má fi àwo yín sí i.

Abẹ́rẹ́ irin pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Òkúta lílọ̀ inú sẹ́lákì ló ń gbẹ́ ẹnu abẹ́rẹ́ kí ó lè bá ilà mu. Nítorí náà wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ láti jẹ ojú àwo kan ṣoṣo, kí a sì yọ ọ́. Bí a bá fi ọ̀kan ṣoṣo kọ orin mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ á ti mú, á máa gé ilà. Ẹ má sì gbé fáínẹ̀lì sórí giramafóònù ìwo láé. Ìwúwo tó ń tẹ abẹ́rẹ́ níbẹ̀ lè lé ní gíráàmù 100, ti ẹ̀rọ ìgbàlódé kì í sábà ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Ìgbà kan ṣoṣo ti tó láti ba fáínẹ̀lì jẹ́. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, abẹ́rẹ́ fáínẹ̀lì kéré fún sẹ́lákì. Ti fáínẹ̀lì kò ju bíi mílímítà 0.018 lọ lẹ́nu, ti sẹ́lákì jẹ́ bíi 0.076. Bí ẹ bá gbé kékeré sínú ilà ńlá, á lọ máa wọ́ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ariwo ju orin lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan èdè wa jù ni ìgbà tí a bá fẹ́ gbé ohùn àwo wọ kọ̀ǹpútà. Àwọn onímọ̀ ìpamọ́ ohùn ní àgbáyé dámọ̀ràn 96 kHz pẹ̀lú 24-bit, ẹ má fi MP3 ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mọ́, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Ìdí ni pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ ariwo kò mọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jọ ti ariwo àwo lójú rẹ̀, á gbá méjèèjì jáde pa pọ̀. Bákan náà ni yóò ṣe sí ìró ṣ àti f tó wà nínú ọ̀rọ̀ bíi *ṣùgbọ́n* àti *ìfẹ́*. Mo ti gbọ́ orin sákárà tí wọ́n fọ̀ mọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀: ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó mọ́, kò sì sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ mọ́. Ariwo díẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ.

Ìyára yíyí náà ń bèèrè ìfura. Kì í ṣe gbogbo àwo tí wọ́n pè ní 78 ló jẹ́ 78 gan-an, pàápàá àwọn ti ìgbà ìwo. Bí ó bá yára ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn olórin ti ga sókè ní ìdajì ìró kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì yé wa, nítorí gbogbo ohùn gòkè pa pọ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà á di ọ̀dọ́mọkùnrin, ìyá ìlù á sì máa dún bí ìlù kékeré. Bí dùùrù bá wà nínú orin, ẹ fi ìró dùùrù náà wọn ìyára. Bí ihò àárín àwo kò bá sí láàárín gan-an, tí ó yẹ̀ ní mílímítà kan péré, ohùn á máa gòkè á máa sọ̀kalẹ̀ bí àwo ti ń yí. Kò tó láti sọ ohùn òkè di ti ìsàlẹ̀ lẹ́nu ènìyàn, àmọ́ ẹ fi dùndún tó ń pe oríkì sí i, ẹ ó rí i bí ọwọ́ onílù tó dáńtọ́ ṣe máa di ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Àwo tó ti fọ́ pàápàá kò tíì kú. Ní Amẹ́ríkà, Carl Haber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory ṣe ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán ilà, tí kọ̀ǹpútà á sì ka ohùn jáde láìsí pé ohunkóhun fara kan àwo. Ní 2008, wọ́n fi irú ọ̀nà yìí gbọ́ ohùn tí Édouard-Léon Scott de Martinville yà sórí bébà ní Faransé ní 1860, ọdún 17 ṣáájú Edison. Nítorí náà bí àwo bá fọ́ sí mẹ́rin, ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pamọ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Púpọ̀ nínú ohùn wa wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn ohùn tí Northcote Thomas gbà sórí ìda láàárín àwọn Ẹ̀dó àti Ìgbò láti 1909 sí 1913 wà ní British Library, ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ sì gbé e padà wá fún ọmọ ọmọ àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí Lorenzo Dow Turner gbà ní Bahia ní 1940 sí 1941, tí orin Yorùbá wà nínú rẹ̀, wà ní Yunifásítì Indiana. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ pé òkè òkun nìkan ni a ó máa lọ gbọ́ àwọn bàbá wa. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ Evergreen tí Fẹ́mi Ẹ̀ṣọ́ dá sílẹ̀ ti ń kó orin àtijọ́ jọ tí ó sì ń tún un gbé jáde láti ọjọ́ pípẹ́, ilé ìtajà Jazzhole ní Ìkòyí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni méjì kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe.

Èmi gbà pé agbègbè wa yìí ló yẹ iṣẹ́ náà jù. Ọjà Àlàbá wà ní Ọ̀jọ́, ọjà ẹ̀rọ tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀. Ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ tó lè tú ẹ́ńpílífáyà palẹ̀ kí ó sì tò ó padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Oníléètì wà tó lè gbẹ́ irin ìyí tó ti jẹ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) wà ní ìtòsí Ìyànà-Ìbà, ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti 1983, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè, orin, ìtàn àti físíìsì lábẹ́ òrùlé kan náà. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan pe oníṣẹ́ àti onímọ̀ jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n fi yàrá kan tí kò ní ọ̀rinrin sílẹ̀ fún àwo. Mo ń pe àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, mo sì ń pe àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Owó rẹ̀ kò tó ti ayẹyẹ kan.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ má dúró dè wọ́n. Bí bàbá tàbí ìyá bá ti kú tí ẹ fẹ́ palẹ̀ ilé mọ́, ẹ má kó rédíògíráàmù àti ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ya fọ́tò bébà àárín àwo kọ̀ọ̀kan lójú méjèèjì. Ẹ kọ orúkọ olórin, orúkọ orin, ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀dà ohùn náà lọ bá àgbàlagbà tó kù nínú ẹbí, kí ẹ gbé e sí i létí, kí ẹ sì bi í pé ta ni wọ́n ń kì nínú orin yìí, ọmọ ilé wo ni, àdúgbò wo ló ń gbé. Àwo lè ní sùúrù ogún ọdún sí i bí a bá tọ́jú rẹ̀. Àgbàlagbà yẹn lè má ní in. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí.